Iyanrìn Wàláà

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun láìsí eyín lẹ́nu. Àáfáà ni, ọmọ Ìlọrin, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú nínú ọgbà ilé wa ní Shango, ní Minna. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, gbogbo eyín òkè ẹnu rẹ̀ ti ká, àtọwọ́dá ló fi rọ́pò wọn. Àwọn ọmọ kéwú kò mọ̀. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí tó bá ń yọ ọ́ nídìí kẹ́tùlù àlùwàlá.

Kò gba gbẹ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà kéwú. Ọmọ tó bá ṣi ẹyọ kan pè, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni, ì báà máa sunkún. Lóṣù ààwẹ̀, òun ló máa ń jókòó síwájú mọ́sálásí àdúgbò ka Àlùkùránì fún gbogbo ènìyàn. Ìyẹn ló ń retí láti ọdún dé ọdún.

Ìgbà tó yá, àjà ẹnu rẹ̀ di pupa yòò, ó ń ta á. Ohun funfun kan, irú èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó ti bu, ń lẹ̀ mọ́ inú eyín náà. Bó ṣe ń rí i ló ń fọ̀ ọ́, ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá. Iyanrìn kíkúnná tí àwọn ọmọ fi ń fọ tàdáwà kúrò lára wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, lòun náà fi ń fọ eyín. Tí mo bá ní kó rọra, á ní, "Ẹnu tí mo fi ń pe Ọlọ́run nìyẹn. Ṣé ìdọ̀tí ni kí n gbé lọ bá a?"

Mo fà á dé ọsibítù nígbà tí ààwẹ̀ ku oṣù díẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣe eyín níbẹ̀ gbé eyín náà síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Iyanrìn ti ha inú rẹ̀ ní ìlà-ìlà.

"Malam, da yashi kake wankewa?" Ó ń bi í bóyá iyanrìn ló fi ń fọ̀ ọ́.

"Eh," ni bàbá mi dáhùn, jẹ́jẹ́.

Ọkùnrin náà fi Hausa ṣàlàyé pé inú ìlà wọ̀nyẹn ni èbu náà ń sá pamọ́ sí. Òun á fi ẹ̀rọ mú un dán, òun á sì fi omi kan tó dà bíi fáníìṣì kun inú rẹ̀, kí èbu má ríbi dì mú. Láti ìsinsìnyí lọ, ìka àti ọṣẹ nìkan. Tó bá fẹ́ sùn, kó yọ ọ́ sínú ife omi.

Nígbà tí a fi eyín náà sílẹ̀ fún un tí a jáde, bàbá mi dúró. "Wàláà tuntun tó ń dán kì í gba tàdáwà," ló wí. "Iyanrìn la máa ń fi ha á kó tó gbà á. Ó yẹ kí n ti mọ̀."

Ní gbogbo àsìkò tí ẹnu rẹ̀ fi ń jiná, láwàní ló fi ń bo ẹnu. Ó ní kí àwọn ọmọ ṣì máa lọ sílé ná. Àwọn òbí kó wọn lọ sọ́dọ̀ àáfáà mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ wá kí i. Inú ṣì ń bí mi sí wọn títí dòní.

Eyín náà padà dé, ó ń dán. Ó fi í sẹ́nu, ó jókòó sórí awọ àgbò rẹ̀, ó ka Yáásíìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà nítòsí, omijé kò jẹ́ kí n rí ẹ̀wà mọ́.

"Ààwẹ̀ yìí, màá jókòó sí àyè mi," ló wí.

Ibà ló dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí a ti ń retí oṣù ààwẹ̀. Ní àsìkò asùbáà ọjọ́ kan, ó pè mí, ó nawọ́ sí ife. Mo sáré fi ìka àti ọṣẹ fọ eyín náà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Nígbà tí mo padà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò lè la ẹnu fẹ̀ tó láti gbà á mọ́. Ó ń ṣe ṣàhádà, ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́ tí Mùsùlùmí fi ń kú, pẹ̀lú ẹnu òfìfo, lẹ́tà ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó kà á tán. Ó mi orí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe.

Èémí rẹ̀ kò gbé e dé ìparí ẹ̀ẹ̀kejì. Mo ń sọ fún un pé ti àkọ́kọ́ ti dára, Bàbá, ó ti dára. Eyín náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó mọ́, kò sí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ ọn.