Lórí Kọ̀ǹpútà Tèmi, Ó Ń Ṣiṣẹ́

Nígbà kan rí, lójú ara mi, kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo Ṣakí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé ni, kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sì í kúrò ní abíyá mi. Ìyá mi ni alága ẹgbẹ́ oníṣu. Ohun tó ń dun ẹgbẹ́ náà ni pé àwọn tó ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá ra iṣu máa ń purọ́ fún wọn pé owó iṣu ti wálẹ̀ ní Kisi àti Ìgbòho, wọn á sì fi bẹ́ẹ̀ rà á ní owó pọ́ọ́kú. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. N ó ṣe ètò kan tí yóò máa fi ohùn sọ iye tí iṣu ń lọ ní ọjà kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ lórí fóònù, ì báà jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹgbẹ́. Àwọn tó ń dọdẹ ipò ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá mi dìde, ó fọwọ́ sọ̀yà pé kí iṣu tuntun tó jáde, ọmọ òun yóò ti ṣe é tán, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á gbé ipò sílẹ̀.

Nílé wa, ètò náà ń sọ̀rọ̀ geere. Bàbá mi gbọ́ iye iṣu Kisi títí tó fi sùn lọ lórí àga. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ilé ẹgbẹ́, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ṣí i, ó kọ nǹkan pupa gàdàgbà sójú, ó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù oníkálukú. Mo gbé imú sókè, mo ní, “Lórí tèmi, ó ń ṣiṣẹ́.”

Akọ̀wé ẹgbẹ́, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìwọ nìkan ni yóò máa ta iṣu ọ̀hún ni?”

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín, àfi ìyá mi.

Mo dá iná mànàmáná lẹ́bi, mo dá fóònù tòkunbọ̀ lẹ́bi, mo tún gba akọ̀wé níyànjú pé kí ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Mo yí ìlànà tí mo fi ń to ètò náà pọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Láàárín ìgbà yìí, iṣu tuntun ti ń yọjú. Ni ìyá mi bá ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kisi àti Ìgbòho lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á gba ohùn ara rẹ̀ sórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Kò sí fóònù tó kọ̀ ọ́, títí kan èyí tí wọ́n fi rọ́bà dè. Wọ́n ní kó máa bá ipò rẹ̀ lọ. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ní òun náà mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí n kò rí ohun mìíràn ṣe, mo ka ọ̀rọ̀ pupa náà dópin. Orúkọ mi ló wà nínú rẹ̀. Inú àpò tó ń jẹ́ orúkọ mi lórí kọ̀ǹpútà tèmi ni mo kó àwọn ohùn náà pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni mo sì kọ sínú ìlànà náà pé kí ẹ̀rọ ti máa mú wọn. Gbogbo ẹ̀rọ Ṣakí ló ń wá yàrá mi nínú ara wọn, wọn ò rí i, wọ́n sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ọjọ́ kìíní. Ojú tì mí débi pé mo pa kọ̀ǹpútà dé. Kí wọ́n tó pe ìrun alásàrì, mo ti tún un ṣe. Mo sáré gbé e lọ fún akọ̀wé. Ó gbọ́ ọ, ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì gbé fóònù rẹ̀ sétí láti gbọ́ ti ìyá mi.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lónìí nìyẹn. Àwọn tó wà ní ìlú òkèèrè ń pè mí pé ètò àwọn ń ṣiṣẹ́ lórí tàwọn, ó kọ̀ lórí ti ẹlòmíràn. Tí mo bá ní kí wọ́n ka ohun tí ẹ̀rọ kọ dópin fún mi, wọ́n máa ń bínú. Ohùn ìyá mi ṣì ń wọlé sórí fóònù mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Á ka iye iṣu, á ṣàdúrà fún wọn, á wá parí rẹ̀ bó ti ń parí rẹ̀ láti ọdún náà: “Ẹ ṣì máa lo èyí ná. Ọmọ mi ń tún tiwa ṣe lọ́wọ́.”

Ó mọ̀ pé mo ti tún un ṣe. Kò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé mi ni.