Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Níwájú Ilé Wa

Ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń gbọ̀n lábẹ́ mi débi pé eyín mi ń kan ara wọn. Ọkọ̀ ò kúrò lójú kan o. Iwájú ilé wa ní Bàrígà ló dúró sí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń hú bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, tí yóò dákẹ́ díẹ̀, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ gbé mi dé ilé ìwé kí wọ́n tó lọ kó èrò ní Onípanu, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ti dé kí a tó gbéra. Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì jù ú sápò.

Pákó ni ọkùnrin náà ń tà létí ọ̀sà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí bàbá mi ti ń ṣe dẹ́rẹ́bà fún un. Ó ní mẹkáníìkì kan sọ fún òun lánàá pé kábúrétọ̀, irin tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló ń fa ìgbọ̀n yìí, àti pé ó jọ àlòkù. Ó ní ó dá òun lójú pé bàbá mi ti yọ èyí tó dára tà. Kò pariwo rárá. Ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń sọ ọ́ ló bà mí lẹ́rù.

"Tí a bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, wàá ṣàlàyé," ó ní.

Bàbá mi búra títí ohùn wọn fi há. Ìyá mi jáde láti ìdí ẹja tí wọ́n ń yan, tàwọn ti òórùn èéfín lára, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Bàbá Mẹkáníìkì, aládùúgbò wa, kọ́kọ́ wò ó. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé mo wà nínú ọkọ̀, èmi náà ò sì láyà láti sọ̀ kalẹ̀.

Ilé kejì sí tiwa ni Bàbá Mẹkáníìkì ń gbé. Àgbàlagbà ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọn kì í sábà rẹ́rìn-ín, àwa ọmọdé sì máa ń yà fún wọn lọ́nà. Ọṣẹ dúdú àti yanrìn ni wọ́n fi ń bó gírísì kúrò lọ́wọ́ kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá, síbẹ̀ òórùn epo kì í kúrò lára aṣọ wọn.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, wọ́n ní kí bàbá mi ṣíná sí ọkọ̀, wọ́n sì tẹ́tí. Nígbà tí bàbá mi tẹ epo, ohùn ẹ́ńjìnnì já gaara. Bí wọ́n ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò, ìgbọ̀n dé. Bàbá Mẹkáníìkì fi àkísà di wáyà pílọ́ọ̀gì mẹ́rin tó ń taná sí epo mú, wọ́n ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá a padà. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yọ, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń rẹ̀ sí i. Wọ́n ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́, pé ẹ̀bi pílọ́ọ̀gì kọ́. Ọlọ́kọ̀ wo oòrùn, ó ní òun ò ní dúró pẹ́.

Wọ́n wá ti ìyẹ́ adìẹ kan bọ agolo ọ́ìlì, wọ́n ń fi pa ìdí kábúrétọ̀ yípo, níbi tó ti jókòó lé ẹ́ńjìnnì. Lójijì, ìjókòó abẹ́ mi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èéfín díẹ̀ tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Kò pẹ́, ìgbọ̀n náà padà. Wọ́n ní ọ́ìlì ló dí ihò kan fúngbà díẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, níbi tí kò yẹ kó gbà.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n tú kábúrétọ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì, pépà líle tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín irin méjèèjì kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, ni wọ́n ṣí kúrò. Wọ́n mú un wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, níbi tí oòrùn wà, wọ́n kẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Ó ti ya. Mo rí i tí ojú wọn yí padà. Wọ́n pa ọwọ́ dé mọ́ ọn. Ìgbà náà ni wọ́n gbójú sókè, tí wọ́n rí i pé mò ń wo àwọn. A jọ wo ara wa. Irin tó ń tutù ń dún tín-tín lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn wọn, ọlọ́kọ̀ ń béèrè ohun tí wọ́n rí.

Nígbà tó yá, wọ́n yí padà, wọ́n la ọwọ́ náà.

"Kábúrétọ̀ tó wà lára ọkọ̀ nígbà tí ẹ rà á nìyí," wọ́n ní. "Èmi ni mo tú u fọ̀ lóṣù tó kọjá. Gáskẹ́ẹ̀tì yìí ti sán lọ́jọ́ náà, mo sì rí i. Ìrun Jímọ̀ ti ń tó, mo ń kánjú, mo dá a padà bẹ́ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà yín ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Bàbá Mẹkáníìkì tẹ́ pépà tuntun sórí irin, wọ́n fi òòlù kékeré lù ú yípo títí ó fi gé bó ṣe yẹ, wọ́n sì di kábúrétọ̀ padà. Nígbà tí bàbá mi ṣíná, mo fọwọ́ lé ìjókòó, agbára káká ni mo fi mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Ọlọ́kọ̀ ò tọrọ àforíjì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún bàbá mi, ó ní kí bàbá arúgbó yẹn má fọwọ́ kan ọkọ̀ òun mọ́. Ìṣojú gbogbo wa ló ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì tàn ká: fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọkọ̀ tó ń wá fún àtúnṣe níwájú ilé Bàbá Mẹkáníìkì ò ju ẹyọ kan, méjì lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

"Dìde," wọ́n ní. "Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni wọ́n fẹ́ fi mú ọ. Kí lo wá ń dúpẹ́ fún?"

Mo di nọ́ọ̀sì nígbà tí mo dàgbà. Mo ti ṣe àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀ bí mo bá panu mọ́. Nígbà èwe mi, mo rò pé ẹni rere kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ òótọ́. Ní báyìí tí mo ti dàgbà ju bí Bàbá Mẹkáníìkì ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ, mo mọ̀ pé nígbà tí wọ́n pa ọwọ́ dé yẹn, wọ́n fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ ni. Èyí gan-an ló sì ń ràn mí lọ́wọ́. Tí ìtìjú bá ti dì mí lẹ́nu, tí mo ti pa ọwọ́ tèmi náà dé, mo máa ń rántí pé ọwọ́ tó ti padé ṣì ṣeé là.