Ìyá Ẹlẹ́ja Tó Bá Mi Jókòó sétí Ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́

Mo dá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lónìí, mo sì ti ní ọ̀rẹ́ tuntun tó dàgbà ju ìyá mi lọ!

Ó ti pẹ́ tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń sọ pé a máa lọ. Láàárọ̀ yìí, ó sú mi, mo dá wọkọ̀ ní Ìkòròdú.

Ní Ọjà Olúwo, ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan bi mí pé, "Ọmọ mi, ta lo wá rí?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Mo kàn wá wo ìlú yín ni."

"Ìwọ nìkan? Kì í ṣe ìsìnkú, kì í ṣe ìkómọ?"

"Rárá, mà."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí aládùúgbò rẹ̀ bá òun wo ọjà, ó sì mú mi lọ sétí ọ̀sà. A jókòó, a ń wo àwọn apẹja tó ń wọlé.

Ó rọra sọ pé, "Gbogbo ọdún tí mo ti ń tajà níbí, mi ò jókòó wo omi yìí rí."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó gba nọ́ńbà mi. "Sátidé, èmi náà ń bọ̀ wá wo Ìkòròdú. Mi ò ní gbé ẹja dání o!"

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, níbo ni kí n mú ìyá lọ?