Ọwọ́ Tó Ń Jábọ́ Kí Ọfà Tó Lọ

Ẹni tó ń ta ọfà kì í rí ara rẹ̀, àmì ló ń wò. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ṣe é ní méjì-méjì ní gbọ̀ngàn kan ní Huntstown, láàárọ̀ Sátidé, láwọn ọdún tí kíréènì pọ̀ ju ẹyẹ lọ lójú ọ̀run Dublin. Bí ẹnì kan bá ń ta, èkejì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ní wo ọfà rárá, ẹni tó ń ta ni yóò máa wò. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Èjìká ńkọ́? Ṣé ọsán ọrun kan àgbọ̀n kó tó tú u sílẹ̀?

Èkejì tèmi jẹ́ dókítà kan, ọmọ Ìbàdàn, tó ń gbé Phibsborough. Mọ́sáláṣí la ti mọra. Mo tó bí i lọ́mọ, Dádì ló sì ń pè mí. Bá a bá pàdé, díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀ lójú àwọn òyìnbó. Inú mi a máa dùn sí i, n ò ní purọ́.

Lọ́dún kan, ẹni mẹ́rin ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ mú lọ díje ní Cork. Mo fẹ́ wà lára wọn. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ni mò ń ṣọ́ ní Citywest. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yàn mí fún nǹkan kan. Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi ta ọfà sínú ìdì koríko lásán, láìsí àmì lára rẹ̀, ní ìṣísẹ̀ márùn-ún péré, kí ara lè mọ iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá padà síwájú àmì, ìsàlẹ̀ ni ọfà mi ń lọ.

"Kí lo rí?" màá bi dókítà náà.

"Dádì, ẹ ti grand, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọrun yẹn ló rọ̀ jù."

Mo pààrọ̀ ọrun. Ìsàlẹ̀ náà ni. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́, nínú ilé tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa. Mo gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka àwọn mẹ́rin náà, kò kàn mí. Dókítà ló ṣe ẹnì kẹrin. Obìnrin tó ń kọ́ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọwọ́ tó o fi di ọrun mú máa ń jábọ́ kí ọfà tó lọ. O ń kánjú wo ibi tó máa bà. Ọ̀rẹ́ rẹ ti sọ fún mi tipẹ́. Ó ní òun bá ọ sọ ọ́ títí, o ò gbọ́."

Mo lọ bá dókítà náà níbi tó ti ń tú ọsán ọrun rẹ̀.

"Ìgbà wo lo bá mi sọ ọ́?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Dádì. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún yín pé ọwọ́ yín ń jábọ́?"

"O rí ẹnu sọ fún obìnrin yẹn."

"Òun ló bèèrè."

"Èmi ò bèèrè?"

A ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ọ̀wọ̀ ló fi tà mí. Àwa la kọ́ ọmọ pé kó má wo àgbà lójú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo wá yàn pé kó máa wò mí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ríba, ó ní kí n jẹ́ kí òun wá wò mí. Mo ní kó lọ múra Cork. Mo bẹ bàbá òyìnbó kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń wa takisí, pé kó máa wò mí. Mo fa ọrun, mo tú u sílẹ̀.

"Ó jábọ́," ni bàbá náà wí, bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọfà mìíràn sí ọsán.