Agbábọ́ọ̀lù Tó Di Àlejò Nílé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí gbogbo ohun tó wà ní Ayétòrò, ìlú wa létí òkun, jẹ́ ti gbogbo ará ìlú, kò sí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń kan ọkọ̀, gbogbo wa ló ń kàn án fún. Ẹni tó ń hun aṣọ, gbogbo wa ló ń hun ún fún. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, àwọn tí ń kan ọkọ̀ a máa bá àwọn ahunṣọ gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn etí òkun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé eré lásán ni. Ẹni tó lágbára láti gbá a, tó wá jókòó, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń wo ará ilé rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mú àjẹ̀ bá a wà á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín àwọn tí ń kan ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìlú ńlá gbọ́ ìròyìn rẹ̀, wọ́n wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà, àwọn àgbà sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta pé òun kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn. Nígbà tó wá sinmi nílé lẹ́yìn ọdún kìíní, ẹsẹ̀ ẹnìkan rọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì bọ́ sórí iyanrìn, ó gbá bọ́ọ̀lù dípò onítọ̀hún. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé ìlú ńlá.

Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kan wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá. Níwájú gbogbo wa ló ti sọ pé agbábọ́ọ̀lù náà ti yẹ àdéhùn. Kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún wọn mọ́, wọn kò sì ní jẹ́ kó lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn títí ìwé náà yóò fi parí.

Ó wí fún àgbà tó ń ṣojú wa lọ́jọ́ náà pé, "Bàbá, ẹsẹ̀ tó ti fi fún wa ló tún fi gbá tiyín."

Ìyá ahunṣọ kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ kúkú gé e lọ! Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún wa, a ṣì ní ọkọ̀ tí yóò kàn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àlejò náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Agbábọ́ọ̀lù náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Àgbà náà ní, "Ilé rẹ̀ lèyí. Àwa kì í ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ náà bá ṣẹ́ níbí, ta ni yóò gbá bọ́ọ̀lù fún wa?"

Òṣìṣẹ́ náà wá ní àwọn yóò dárí ji agbábọ́ọ̀lù náà, bí ó bá lè fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù nílé mọ́, níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn náà bá ṣì wà.

Àgbà wo ọmọ náà. "O gbọ́. Ẹni tí kò bá bá wa ṣe ohun tí a ń ṣe, àlejò là ń pè é. A ó tọ́jú rẹ, a ó fún ọ ní àga. Ṣùgbọ́n àlejò ni."

"Bàbá, bí mi ò bá gbá a nísinsìnyí, ìgbà wo ni n ó tún gbá a? Ẹsẹ̀ kì í dúró de ni."

"Mi ò bá ọ jà. Fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wá sílé, ó wọ bàtà, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn àlejò létí iyanrìn. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti yí wá bá a, ó sì dúró sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì jù ú padà. Kò sí ẹni tó bú u. Àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, wọ́n sì ń bá eré wọn lọ.

Lónìí, olúkúlùkù ń dáná tirẹ̀, òkun sì ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ wa. Èmi kò sọ pé ayé àtijọ́ nìkan ló dára. Bí ọmọ ọmọ mi bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí, n ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, wọ́n ní, "Ìyá àgbà, ó fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù. Kí ló wá burú níbẹ̀?"