Ẹ̀gbà Idẹ Tó Wọ Iná

Bí mo bá ní mo ti rí idẹ tó ń ṣàn bí oyin, àwọn ọmọ mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín! Ó ṣojú mi kòró.

Prámárì fáìfù ni mo wà, ní Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1990. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé ìwé wa jọ dá a sílẹ̀ pé kí àwa ọmọdé máa fi ọwọ́ ara wa kọ́ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní àlòkù idẹ mú un wá, a ó yọ́ ọ, ohun tuntun tí a bá fi ṣe á sì di tirẹ̀. Ìyá àgbà mi tú ìsàlẹ̀ àpótí wọn, wọ́n mú ẹ̀gbà ọwọ́ kan tó ti ṣẹ́ jáde. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn nìyẹn.

“Mú un lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí i padà o. Ìrísí tó bá wù ú ni kó gbé wá.”

Mo fi ìda oyin mọ ẹyẹlé kékeré. Bàbá tó wá láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fi amọ̀ bò ó, wọ́n dá ihò sí i, wọ́n yan án títí ìda fi yọ́ jáde, tó ku àyè ẹyẹlé nínú amọ̀. Ẹwìrì ń finná lábẹ́ ìkòkò tí wọ́n fi ẹ̀gbà náà sí. Háà! Ẹ̀gbà yọ́, ó di omi pupa tó ń dán.

Bàbá gbé ìkòkò kúrò lórí iná pé kí wọ́n dà á, ni ọ̀gá ilé ìwé bá nawọ́: “Ẹ dúró! Ṣé a ó ṣe nǹkan ńlá báyìí láì gbàdúrà ni?” Ta ló jẹ́ kọ̀? Ọ̀gá gbàdúrà fún òbí, wọ́n gbà á fún ìdánwò, wọ́n gbà á fún ìlú. Kó má baà di ojúsàájú, wọ́n ní kí olùkọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí náà gba tiwọn. Àmín, àmín, àmín. Èmi ò dijú; idẹ ni mò ń wò. Kí a tó ṣe àmín ìkẹyìn, ó ti dì bí epo pupa lásìkò ọyẹ́.

Mo bú sẹ́kún. “Ẹ ti fi àdúrà pa ẹ̀gbà ìyá àgbà!”

Ojú ti ọ̀gá. Bàbá kàn rẹ́rìn-ín: “Dákẹ́. Tó bá gbóná, á yọ́. Tó bá tutù, á dì. Kì í sú u.” Wọ́n dá ìkòkò padà sórí iná. Ó tún yọ́ lóòótọ́! Ohun tí mo ti ń sunkún rẹ̀ tún ń mì lójú mi, ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé láti nu ojú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lanu títí wọ́n fi dà á sínú amọ̀ tán.

Nígbà tí a fọ́ amọ̀, ẹyẹlé jáde, àmọ́ idẹ kò dé ẹnu rẹ̀. Mo gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọn ló dàgbà jù nínú agboolé wa; àwọn ni gbogbo wa ń kúnlẹ̀ kí. Wọ́n gbé ẹyẹlé náà sórí àga, wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri, wọ́n sì rọra kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, ìyá mi.”