Abẹ́rẹ́ Tí Yìnyín Pa

Mo rántí ìgbà tí gbogbo èbúté láti Òde Mahin títí dé etí òkun mọ̀ mí mọ́ àpótí búlúù kan. Àpótí náà kò tóbi ju ohun tí obìnrin lè gbé lé itan lọ, ìdérí rẹ̀ le, okùn rẹ̀ sì máa ń há mi léjìká. Inú rẹ̀ ni a ń kó oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí. Èmi ni kánsílọ̀ tó ń bójú tó ìlera àti ìtọ́jú ọmọdé ní káńsù wa nígbà náà. Gbígbé àpótí kì í ṣe iṣẹ́ kánsílọ̀, nọ́ọ̀sì ló ni ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í balẹ̀ bí n kò bá fi ọwọ́ ara mi gbé e wọ inú ọkọ̀.

Kí n tó dé ipò yẹn, èlò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tà. N kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ìlera rí. Nígbà tí wọ́n pín ipò, tí wọ́n fi mí sí ìdí ìlera, inú bí mi, nítorí ìdí iṣẹ́ afárá ni mo fẹ́, níbi tí àwọn kọngílá ti máa ń wá kí èèyàn. Àfi ìgbà tí mo ṣí ìwé kan tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi fi sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo kà á, mo sì gbé ìwọ̀ mì bí ẹja. Mo wá òmíràn kà, mo ń bi àwọn dókítà ní ìbéèrè títí wọ́n fi ń sá fún mi. Mo mọ̀ pé lára ìgò oògùn kọ̀ọ̀kan ni àmì róbótó kan wà, tí igun mẹ́rin kékeré funfun sì wà láàárín rẹ̀. Bí ooru bá ti ń ba oògùn jẹ́, funfun yẹn á máa dúdú. Bó bá ti dúdú tó àyíká rẹ̀, kí a dà á nù. Mo ń ṣàlàyé èyí fún èrò inú ọkọ̀, fún aránṣọ tó ń wọn mí, fún ẹni tó kàn ní kí n kú àárọ̀. Ìyàwó mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Ọ́nárébù, ẹ ti kọ́ mi ní ti ìgò lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ro púpurú yìí kó tó di kókó.”

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òtútù. Èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọpárọsẹ̀, kò sí bí ó ṣe dì tó, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gún sí itan ọmọ, tó ń dènà ikọ́ líle tí ọmọ fi ń hú títí ojú rẹ̀ á fi ràn, tó sì ń dènà ipá pẹ̀lú, òtútù díẹ̀ ló fẹ́. Bó bá dì bí yìnyín, ó kú nìyẹn. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé bó bá tún yọ́, ojú kò lè dá a mọ̀. Àmì ara ìgò kò ní yí padà, nítorí ooru nìkan ni àmì náà mọ̀. Àfi kí èèyàn mi ìgò náà pọ̀ mọ́ èyí tí kò dì rí, kó gbé méjèèjì kalẹ̀, kó sì máa wò wọ́n. Èyí tó ti kú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ á yára silẹ̀ bí ògì ṣe ń silẹ̀ sábẹ́ omidùn. Nítorí èyí, mo kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé ike yìnyín, ike pípadé tí omi dì sínú rẹ̀ láti mú àpótí tutù, kì í wọ inú àpótí wa ní gbígbẹ. Kí wọ́n jẹ́ kó làágùn ná, kí wọ́n mì í, kí wọ́n gbọ́ omi nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ni wá. Láti kékeré ni a ti mọ̀ pé yìnyín ni ẹ̀mí ẹja. Ẹni tó bá fi yìnyín ṣahun, ẹja rẹ̀ á rà kó tó dé ọjà, kò sì sí ẹni tó ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kẹ́dùn. Ta ni yóò wá sọ fún irú àwa bẹ́ẹ̀ pé òtútù lè pọ̀ jù?

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu odò kan tí kò jìnnà sí wa. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, nítorí náà a múra láti sáré dé abúlé kan lẹ́yìn Awoye, tí n kò ní dárúkọ, níbi tí a kò tíì gún ọmọ kankan lábẹ́rẹ́ láti ìgbà tí òkun ti gbé ilé ìwòsàn wọn lọ. Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ lọ, Alága káńsù ránṣẹ́ sí mi pé àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ láti olú ìlú, kí gbogbo kánsílọ̀ dé fìlà, kí wọ́n wá jókòó. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ máa gún wọn ni?” Mo gbé àpótí wọ ọkọ̀, mo rán nọ́ọ̀sì wa lọ, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, èmi sì lọ pàtẹ́wọ́ fún àlejò.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn kú sójú odò. Wọ́n fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí ó fi di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ike yìnyín inú àpótí sì ti ń di omi. Ọ̀dọ̀ Ìyá Aláìsì ni wọ́n sùn, obìnrin tó ń ta yìnyín fún gbogbo apẹja abúlé náà. Abúlé kò ní ẹni tó lawọ́ bí rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì mọ ìjókòó, wà lára àwọn tí a fẹ́ gún. Nígbà tí oorun ti gbé nọ́ọ̀sì lọ, Ìyá Aláìsì ṣí àpótí, ó rí i pé omi ló kù nínú àwọn ike, ó sì ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ó kó àwọn ike náà jáde, ó fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, ó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, ó to ìgò sórí rẹ̀, ó tún bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó wá bu iyọ̀ lé e lórí, nítorí àwọn tó ń gbé ẹja lọ sọ́nà jíjìn mọ̀ pé yìnyín oníyọ̀ ń tutù ju yìnyín lásán lọ. Nígbà tó fi mọ́, ó ti kó ìgò jáde sínú agbada omi kí iyọ̀ ara wọn lè ṣàn kúrò. Nọ́ọ̀sì wo àmì ara ìgò, ó funfun láìlábàwọ́n. Wọ́n gún gbogbo ọmọ abúlé.

Èmi náà dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn láti wo iṣẹ́, nọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀. Ìyá Aláìsì wá pàdé mi lórí pákó èbúté, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ọ́nárébù, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ mi lára abẹ́rẹ́ yín.”

Mo ní, “Ìyé, kí lẹ ṣe?” Bí àwa Ìlàjẹ ti ń pe ìyá nìyẹn.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, omi gbígbóná lẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Èmi ni mo tẹ́ ẹ bí ẹja ọ̀wọ́n. Iyọ̀ gidi ni mo fi sí i.”

Ìgò mẹ́ta ló ṣẹ́kù nínú àpótí. Mo mú ọ̀kan, mo mì í pọ̀ mọ́ èyí tí mo mú bọ̀ láti káńsù, mo sì gbé wọn sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi àti nọ́ọ̀sì jọ ń wò ó. Kò pẹ́ tí omi fi tòrò lókè ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá Aláìsì ń wo ẹnu wa, ó ń retí kí a yìn ín.

Mo padà sí káńsù, mo sọ fún Alága pé kí wọ́n fún wa ní oògùn mìíràn kíákíá, kí a tún àwọn ọmọ náà gún.

Ó ní, “Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?”

“Èmi àti nọ́ọ̀sì ni, sà.”

“Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ṣé ọmọ kankan kú ni?”

“Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ikọ́ náà ti sún mọ́ wọn.”

“Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa gba òmíràn, àbí? Wọ́n á gba èyí tó dáa nígbà náà. Ọ́nárébù, rédíò ti sọ ọ́ pé kò sí ọmọ tí a kò gún ní etí òkun wa. Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ bẹ rédíò ni?”

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe tí Alága fẹ́ràn jù nìyẹn, ó máa ń pa á ní gbogbo ìpàdé.

Èmi fúnra mi padà lọ sí abúlé, mo pe àwọn ìyá ọmọ jọ, mo sì sọ òtítọ́ fún wọn. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá ọmọ kan dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, “Ọ́nárébù, ìjẹta ẹ ní abẹ́rẹ́ yín ni odi. Lónìí ẹ ní odi ti wó. Bó bá di ọ̀la, ẹ máa ní àwa la wó o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn wá béèrè pé ta ló gbé abẹ́rẹ́ sínú yìnyín, ẹ̀rín sì dákẹ́, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta yìnyín níbẹ̀.

Ìyá Aláìsì dìde. Ó ní, “Èmi ni. Bí ẹ bá gbé ẹja yín wá, kí ni mo máa ń ṣe sí i?” Ó yíjú sí mi. “Ìgbà wo lẹ máa mú òmíràn wá? Tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gún.”

Mo ní kò ní pẹ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kí n tó padà dé, ọ̀rọ̀ ìpàdé náà ti dé etí Alága. Wọ́n gba ìdí ìlera lọ́wọ́ mi, wọ́n fi mí ṣe kánsílọ̀ tó ń bójú tó ibùdókọ̀ mọ́tò, ní ìlú omi tí mọ́tò kò lè dé. Ẹni tó gba ipò mi kò mọ ìgò yàtọ̀ sí ìgò. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ ọ̀gá ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Ó ní orúkọ abúlé yẹn ti wà lára àwọn tó ti gbà, òun kò lè fún ẹni tó ti jẹun ní oúnjẹ. Mo lọ dé ìlú kejì, wọ́n ní kí káńsù mi kọ̀wé wá.

Ikọ́ dé abúlé náà kí oṣù tó yí. Àwọn ọmọ tó ti gbó díẹ̀ jìyà, wọ́n sì yè é. Ọmọ ọmọ Ìyá Aláìsì kéré jù láti bá a jà.

Wọn kì í fi ariwo sin ọmọdé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Ìyá Aláìsì jókòó sórí àpótí yìnyín rẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run dáwọ́ ibi dúró. Ó ṣàmín. Ohùn rẹ̀ kò gbóná rárá nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Ká ní ẹ kò sọ fún mi ni, Ọ́nárébù, ǹ bá gbà pé Ọlọ́run ló mú un.”

Mo ti padà sídìí èlò ẹ́ńjìnnì mi báyìí. Alága ti gba ipò tó ga ju ti káńsù lọ, kò sì sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì náà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí ṣì máa ń sọ pé ìmọ̀ àmọ̀jù ló bà mí jẹ́, pé bí mo bá dákẹ́ ni, ǹ bá ti di nǹkan. Ó ṣeé ṣe. Èyí kò dùn mí tó ti obìnrin yẹn. Gbogbo àwa tí a gba owó oṣù nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ẹni tó fi yìnyín tirẹ̀ tọrẹ ló ń gbé e kiri.

Ó máa ń yà sí ìsọ̀ mi bó bá wá sọ́jà. Kò sí ìgbà tí kò ní bi mí pé bí wọ́n bá tètè mú abẹ́rẹ́ kejì wá, ṣé ọmọ náà ì bá yè. Mo mọ ohun tí ìwé sọ. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan kò tó fún ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀, ó sì nílò àkókò kí ó tó ràn án lọ́wọ́. Ó lè yè, ó sì lè má yè. Èmi tí mo máa ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan sílẹ̀, mo máa ń wo ojú rẹ̀, mo máa ń sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé. Ì bá yè. Àwọn ni wọn kò mú un wá.”

Á mi orí díẹ̀, á gbé igbá rẹ̀, á sì máa lọ.